Ìwé tó le àti ìwé tó ń dùn mọ́ni: èwo ni ká gbé síwájú?

Ará Kubwa

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwa ọ̀rẹ́ tí a jọ ń ka ìwé Yorùbá ní Kubwa, ó sì ti fẹ́ dìjà. Apá kan ní Fágúnwà ni ká kọ́kọ́ kà tán, pé ẹni tí kò bá tíì ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Apá kejì ní ìwé náà wúwo jù fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ ní Central Area dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n ní ìwé ìfẹ́ àti ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ká máa kà, èyí tí èèyàn ò ní lè gbé sílẹ̀. Bí a ṣe ń jiyàn, àwọn kan ò wá mọ́.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ó yẹ ká fi tipátipá ka ìwé tó le torí pé ó lórúkọ, àbí kí kálukú máa ka èyí tó dùn mọ́ ọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí èèyàn lè ṣe.

---

Tíṣà Gwagwalada

Kí ẹ tó pín ara yín sí méjì, ẹ bi àwọn tí kò wá mọ́ pé ojú ìwé wo ni wọ́n ti pa á dé. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó le gan-an.

Ẹni tó bá pa á dé kó tó dé ojú ìwé kẹwàá, kì í ṣe ìtàn ló lé e, àkọtọ́ ni, ìyẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọdún 1938 ni ìwé yìí kọ́kọ́ jáde. Àkọtọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé lónìí, 1974 nìjọba tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà àtijọ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, inú rẹ̀ lẹ ti máa rí ‘aiye’, ‘enia’, ‘nwọn’, ‘yio’, ‘obirin’, ‘ẹiyẹ’. Àmì ohùn kò sì tó nǹkan níbẹ̀. ‘Igba’ lè jẹ́ iye, ó lè jẹ́ àkókò, ó lè jẹ́ ohun tí a fi ń bu omi, ó lè jẹ́ ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn ò ní mọ̀ pé òun ń ṣa ọ̀rọ̀, etí rẹ̀ á ti bá a ṣà á. Ẹni tó dàgbà sí Garki, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, tó ń fi Hausa ra ẹran, á dúró lórí rẹ̀. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú ìpínrọ̀ kan, oorun ti dé nìyẹn.

Ẹ kọ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bíi méjìlá, sára páálí kékeré kan, ti àtijọ́ lápá òsì, ti òde òní lápá ọ̀tún. Páálí yẹn náà ni kẹ́ ẹ máa fi sàmì síbi tí ẹ kà dé. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòroó pè, ẹ má dúró, ẹ ka gbólóhùn náà dópin, ẹ wá padà sí i. Ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń sọ ohùn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ka bí ogún ojú ìwé, ẹ ò ní wo páálí náà mọ́.

---

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Àkọtọ́ kọ́ ló ń lé èèyàn. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wà káàkiri Abuja tí wọ́n ti ka Bíbélì àtijọ́ láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ‘aiye’ àti ‘nwọn’ ló sì kún inú rẹ̀. Ẹ gbé Fágúnwà fún wọn, wọn ò ní kà á dé ìdajì.

Ohun tó ń lé wọn ni pé ìtàn á ti gbóná, ọdẹ á ti kojú iwin, òǹkọ̀wé á wá dá gbogbo rẹ̀ dúró láti gba òǹkàwé níyànjú lórí ìwà. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó ti jókòó sínú gosiló Nyanya fún wákàtí méjì ò wá ìwàásù.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni kẹ́ ẹ gbé fún un. Ó jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun àti Tàfá Ìgìrìpá ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn kiri. Ẹ wo bí Òkédìjí ṣe ń ṣe é: ìtàkùrọ̀sọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ọkàn èèyàn ò ti balẹ̀ ló sì máa ń já orí ìwé sí. Òwe kún ẹnu Lápàdé bámúbámú. Yorùbá inú ìwé yẹn kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí: ìwé tó ń sáré nìkan ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òkédìjí, lẹ́yìn náà Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, níbi tí Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń dààmú láàárín ọmọbìnrin mẹ́ta. Tí kíkà bá ti mọ́ wọn lára, ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó Fágúnwà kó wá wọ̀ ọ́.

---

Ọmọ Sábó, Kaduna

Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ pín ìwé sí ti ọgbọ́n àti ti ìgbádùn?

Ẹ wo ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ. Láàárín 1929 sí 1930, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bíi lẹ́tà tí obìnrin kan tó ti jayé àlùmọ̀kọ́rọ́yí nígbà èwe rẹ̀ ń kọ sí olóòtú láti orí àìsàn. Àwọn tó ń kà á gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Ìwé ìgbádùn ni, wọn kì í fẹ́ kó pẹ́ kí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń tú u palẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá.

Fágúnwà náà, ìdíje ọdún 1936 ló tìtorí rẹ̀ kọ Ògbójú Ọdẹ, àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Òkédìjí tí Ìyá Ìbejì ní ó ń sáré yẹn ti wọ yunifásítì báyìí. Ìgbà tí olùkọ́ bá ti ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ìfìwàwẹ̀dá, bí òǹkọ̀wé ṣe gbé ẹ̀dá inú ìtàn kalẹ̀, ní ojú ìwé méjì, ìwé ìgbádùn á bẹ̀rẹ̀ sí í di ìwé tó le.

---

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ìtàn bí ìwé ṣe di ìwé nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n Ará Kubwa fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa kà ní Sátidé.

---

Alátẹ Ìwé, Wuse

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti apá ọjà. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí èèyàn bá ní ìwé kan le, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò dáa.

Ìbàdàn àti Èkó ni púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá tí à ń rí ní Abuja ti ń wá, ayédèrú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ máa dá ayédèrú mọ̀: bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń hàn níwájú, yíǹkì rẹ̀ ṣú pọ̀ níbì kan, ó ṣá níbòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé àmì abẹ́ ‘ẹ’, ‘ọ’ àti ‘ṣ’ máa ń parẹ́, torí pé ẹ̀dà ẹ̀dà ni wọ́n ń yà sí fọ́tò. Tí àmì abẹ́ bá ti lọ, tí àmì òkè náà ò sì sí, Òkédìjí fúnra rẹ̀ á le bí òkúta.

Èkejì: wọn kì í tẹ ìwé lójú kọ̀ọ̀kan. Ìdì ìdì ni, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tàbí méjìlélọ́gbọ̀n nínú ìdì kan, wọ́n á wá rán an pọ̀ tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Tí ìdì kan bá bọ́ sọnù, ẹ máa rí i pé ojú ìwé 32 á fò sí 49. Tí ìdì kan bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 33 sí 48 á tún ara wọn sọ. Ẹni tó ń dá kà á nílé á rò pé òun ni ìtàn ò yé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí 16 sí 17, 32 sí 33, 48 sí 49, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn.

Ẹ má sì fi nọ́ńbà ojú ìwé pín iṣẹ́ fún ẹgbẹ́. Ẹ̀dà tọ́dún yìí àti ẹ̀dà tọ́dún yẹn ò dọ́gba. Orí ìwé ni kẹ́ ẹ máa fi pín in.

---

Ará Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan nínú wa ti wá ní ká kúkú ka ti Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀, ká yé dààmú ara wa. Àwọn kan sì ń sọ pé ìtàn igbó ilẹ̀ Yorùbá ni, kí ló kan ẹni tó ń gbé lórí àpáta Abuja. Kí lẹ rí sí i?

---

Tíṣà Gwagwalada

Ti Ṣóyínká jáde ní 1968, iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ Fágúnwà máa ń sọ ohun kan náà lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ìṣe kan á máa ti èkejì síwájú títí gbólóhùn á fi balẹ̀. Ìdí tí à ń tìtorí rẹ̀ kà á nìyẹn, Ṣóyínká sì ní láti tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ lédè míì. Ẹ ka orí kan ní Yorùbá ná. Tí ibì kan bá ṣókùnkùn, ẹ wá wo ti Gẹ̀ẹ́sì nílé.

---

Ẹ̀gbọ́n Jos

Ẹni tó ní ìtàn yìí ò kan ará Òkè Ọya, kó rántí pé nítòsí Bida ni Fágúnwà kú sí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Bida sún mọ́ Kubwa ju Ìbàdàn lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ẹ ò tíì dárúkọ eré onítàn. Ẹgbẹ́ tó ń túká, eré onítàn ló máa ń kó o jọ. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn tó ní ẹrú rẹpẹtẹ, tó ní ẹrú òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún, Adétutù sì lóyún. Wàhálà ti dé, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ṣé ìwé tó le ni àbí ìwé ìgbádùn. Ìtàn gidi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn gbólóhùn rẹ̀ sì ṣe é sọ lẹ́nu. Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí náà wà, 1972, àmọ́ èdè rẹ̀ jinlẹ̀ jù tàkọ́kọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé e.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣi eré onítàn kà ni pé kálukú á tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò ní gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní kó ipa kankan, kó máa ka àlàyé orí ìtàgé sókè: ta ló wọlé, ta ló jáde, ta ló kúnlẹ̀. Láìsí ẹni yẹn, ìran á dojú rú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

---

Ọmọ Sábó, Kaduna

Ẹ tún wo àwọn aládùúgbò wa. Hausa ní ìwé tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún: Shaihu Umar tí Abubakar Tafawa Balewa kọ, tó jáde ní 1934 lẹ́yìn ìdíje tí ọ́fíìsì ìtumọ̀ ìjọba ní Zaria ṣètò. Ọ̀nà tí Fágúnwà gbà wọlé ni òun náà gbà. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn ọmọbìnrin ń yá ara wọn ní Kano àti Kaduna ni littattafan soyayya, ìwé ìfẹ́ lédè Hausa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láwọn ọdún 1980. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò wọ́n, apá kìíní, apá kejì, apá kẹta. Obìnrin ló ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, lórí orogún, ìgbéyàwó tipátipá, ọkọ tó lé ìyàwó jáde pẹ̀lú ọmọ. Àwọn àgbà kan bínú sí i débi pé ní 2007, gómìnà Kano dáná sun díẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbangba. Ìwé náà ò tìtorí ìyẹn tán lọ́jà. Ọ̀kan lára ti Balaraba Ramat Yakubu ti di Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtẹ̀wé kan ní India ló tẹ̀ ẹ́ ní 2012.

Àwa náà ní Àtọ́ka nígbà kan, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan, méjì lọ lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ojú mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí bébà. Ó dùn mí pé kò sí mọ́. Ọmọ tó ń dàgbà ní Lugbe báyìí, ibo ló ti fẹ́ rí Yorùbá tí òun ń kà láìsí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀?

---

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Fún ọmọdé ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbà kà á kí ọmọ máa gbọ́. Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ ṣì dáa fún ìbẹ̀rẹ̀, ìwé kìíní pàápàá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ ti tó, kí ìka máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kí ọmọ lè rí i. Tó bá béèrè ìtumọ̀, ẹ sọ fún un ní Yorùbá míì tó rọrùn. Tẹ́ ẹ bá ti yà sí Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló máa dúró sí.

---

Tíṣà Gwagwalada

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí soyayya, mo gbà lórí Àtọ́ka. Ibi tí a ti yà ni pé ẹ rò pé Fágúnwà ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ojú lásán lẹ fi ń kà á.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń ka òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó ní kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sípò ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ bíi pé òun gan-an ni, kó sì gba ipò ẹni tó ń fèsì pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àkàrà-Ògún, ọdẹ tó ni ìtàn náà, wá jókòó ti òǹkọ̀wé, tó ń sọ ìrìn àjò rẹ̀, tí èrò sì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń padà wá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Ẹni tó bá dá fi ẹnu dídì kà á ti gé ìdajì rẹ̀ dànù.

Nítorí náà, Ará Kubwa, ẹ kà á sókè. Ẹ pín ohùn: ẹnì kan jẹ́ òǹkọ̀wé, ẹnì kan jẹ́ Àkàrà-Ògún, ẹnì kẹta máa sọ̀rọ̀ fún iwin, ọba àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá pàdé. Ojú ìwé kan máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin téèyàn bá kà á sókè láìkánjú, torí náà ojú ìwé mẹ́wàá ò ní ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Gbogbo ìwé náà kò ju bí ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ. Ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ tó máa gbà.

Ẹni tó máa kà á gbọ́dọ̀ ti rí ibi tirẹ̀ bí ọjọ́ méjì ṣáájú. Gbólóhùn Fágúnwà lè gùn tó ìlà mẹ́fà, ibi àmì ìdánudúró ni kó ti máa mí. Kó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì síbi tó ti máa mí. Tó bá mí láàárín, ìtumọ̀ á já, àwọn tó ń gbọ́ á sì sọ pé ìwé le.

Àṣìṣe tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù ni kí wọ́n máa dá ìtàn dúró lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnì kan. Ẹ yan akọ̀wé ọ̀rọ̀. Ẹni tí nǹkan ò bá yé á na ìka, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn á máa lọ. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wá tú u. Ìdajì rẹ̀ ni ìtàn á ti dáhùn fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹni tí Yorùbá rẹ̀ dán jù máa kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn yòókù á di èrò ìwòran, wọn ò sì ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gbà wọ́n padà, ẹ fi ìjà Àkàrà-Ògún àti Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ téèyàn fi ń kàn án nínú ìwé. Ẹ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo ní Àgbákò.

---

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Èyí wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ìwàásù. Nígbà tí àwọn ọdẹ tí ọba rán níṣẹ́ bá dé Òkè Láńgbòdó, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, ni wọ́n máa lò ọjọ́ méje, ìmọ̀ràn lójoojúmọ́. Ìjà ti tán, ẹ̀rù ti tán. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń ju ìwé sílẹ̀, kódà àwọn tó gbádùn Àgbákò. Èmi ní kí wọ́n fò ó, kí wọ́n lọ ka bí àwọn ọdẹ ṣe padà sílé.

---

Ẹ̀gbọ́n Jos

Ẹ má fò ó. Tẹ́ ẹ bá fò ó, ẹ ò ní mọ ohun tí ọba tìtorí rẹ̀ rán wọn níṣẹ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ lẹ́rù tí wọ́n rù bọ̀.

---

Tíṣà Gwagwalada

Ìyá Ìbejì, ọjọ́ méje ni Fágúnwà pín in sí. Àwọn ọdẹ ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ ìkàwé ló ń fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ka ọjọ́ kan péré nípàdé kan, kẹ́ ẹ sì lo ìyókù àkókò fún orí kan nínú Àjà Ló Lẹrù. Ìpàdé méje, Ìrágbèje á tán, Lápàdé náà á ti rìn jìnnà. Ìtàn ló pọ̀ nínú ohun tí Ìrágbèje ń sọ. Téèyàn bá gbọ́ díẹ̀ díẹ̀, á rí i.

---

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Mo lè bá yín lọ lórí ìyẹn, tó bá jẹ́ pé Ìrágbèje ló ń ṣáájú, tí Lápàdé ń kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì dúró níbi tí Òkédìjí ti já orí ìwé, láìṣí èyí tó kàn.